Síìpù Tí Mo Gé Ní Etí Dáàmù

Ẹ bá mi yin Ẹni tó fà mí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ mi ti rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi! Halelúyà!

Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rí mi kò kúrú, mo sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ pásítọ̀ kí n tó gba gbohùngbohùn yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ yìí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lóríṣiríṣi. Wọ́n ní Ìyá Tèmítọ́pẹ́ bá màmíwọ́tà pàdé ní ìsàlẹ̀ dáàmù. Wọ́n ní ó dì mí ní irun mú. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: kò sí màmíwọ́tà kankan níbẹ̀. Síìpù ló wà níbẹ̀. Síìpù aṣọ. Ẹni tó bá ń retí iwin, kó má bínú sí mi, torí mi ò ní fi irọ́ yin Ọlọ́run tó fi òótọ́ gbà mí.

Fọlákẹ́ ni orúkọ mi. Ìwàrà ni wọ́n bí mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iléṣà, inú oko obì àti kòkó bàbá mi ni mo sì dàgbà sí. Iṣẹ́ òmòòkùn ni mò ń ṣe. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá wo ojú ọkọ mi bóyá yóò ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Àwa là ń lọ sábẹ́ omi láti wo ẹsẹ̀ afárá, láti fa ohun tó bá rì jáde, láti kó pàǹtírí kúrò lẹ́nu àwọ̀n irin tí omi ń gbà kọjá lọ sí ilé iṣẹ́ omi. Warri ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Nígbà tí mo fẹ́ Gbénga, tó jẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, a kọ́lé sí Ọ̀fàtẹ̀dó, mo sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kékeré kan níhìn-ín ní Òṣogbo.

Dáàmù kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí a máa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Látìgbà tí àwọn tó ń wa góòlù ti ń da ilẹ̀ rú lápá òkè odò, omi ibẹ̀ ti dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Bí o bá na ọwọ́ síwájú ojú rẹ lábẹ́ rẹ̀, o kò ní rí ìka rẹ. Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ohun tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ láti fi ya góòlù kúrò lára yẹ̀pẹ̀.

Nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wọ aṣọ kan tí omi kì í wọ̀. Ó bo èèyàn láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, rọ́bà rírọ̀ ló sì fún un ní ọrùn àti ní ọrùn ọwọ́. Aṣọ lásán lo máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Tó o bá jáde, ó yẹ kí aṣọ abẹ́ yẹn gbẹ bí ìgbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a lórí okùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí èèyàn ń gbà wọ inú aṣọ náà ni síìpù tó wà lẹ́yìn, láti èjìká kan dé èkejì. Ìwọ tó o wọ̀ ọ́ kò lè fà á fúnra rẹ, ẹlòmíràn ló máa fà á pa fún ọ. Kì í ṣe irú síìpù ara ṣòkòtò. Eyín rẹ̀ ṣù mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn pàápàá kò rí àárín rẹ̀ gbà, rọ́bà ló sì wà lábẹ́ eyín yẹn. Ó ń fẹ́ ìtọ́jú bí ọmọ tuntun. O gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ iyanrìn kúrò nínú rẹ̀, kí o fi ìda pa á, kí o má sì ká a láéláé, torí pé ibi tó bá ti ká ni rọ́bà rẹ̀ ti máa sán.

Èmi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹyọ kan ni ilé iṣẹ́ wa ní, àwọn òmòòkùn tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ kan náà sì ń wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn á bọ́ ọ tán, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, oòrùn á sì máa pa á láti Iléṣà dé Òṣogbo.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fura, iṣẹ́ rọrùn ni a lọ ṣe. Mo jáde, Kọ́lá fa síìpù sílẹ̀ fún mi, mo sì rí i pé síńgílẹ́ẹ̀tì mi tutù láàárín ẹ̀yìn. Kọ́lá yìí ni òmòòkùn kejì ní ilé iṣẹ́ wa. Bí mo bá wà nísàlẹ̀, òun ló ń di okùn mi mú lókè. Bí òun bá wà nísàlẹ̀, èmi ni mò ń dì í. Mo pe ọ̀gá wa.

“Ọ̀gá, omi ti ń wọlé. Ẹ wo síìpù yìí, ó ti sán.”

Ọ̀gá fi ọwọ́ kàn án. “Òógùn ni,” ló wí. “Ta ló máa wọ rọ́bà nínú oòrùn ilẹ̀ wa yìí tí kò ní làágùn?”

“Òógùn tèmi kì í ní ẹrẹ̀ nínú, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Fi ìda pa á dáadáa. Iṣẹ́ ń dúró dè wá.”

Mo fi ìda pa á. Ìda ò lè so ohun tó ti ya pọ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ó sú, lẹ́yìn náà ó di egbò. Bí mo bá dùbúlẹ̀, àyà ni mo fi ń sùn. Gbénga á máa fi àdí pa á fún mi. Ibà wá dé sí i. Ni a bá lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà.

Dókítà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ní kí n kọjú sí ògiri. Ó wo ẹ̀yìn mi títí. Ó ní, “Màmá, kí ló dé tí egbò yìí tò tẹ̀léra bí ìlà, láti èjìká dé èjìká? Kí lẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn?”

Mo ní, “Síìpù ni, dókítà.” Mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, “Omi yẹn ò yẹ kó kan awọ ara èèyàn. Mo máa fún yín lóògùn, ó sì máa jiná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń jò, oògùn mi kò ní lè ràn yín lọ́wọ́ mọ́.”

Ọlọ́run bù kún obìnrin náà níbikíbi tó bá wà.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ní Ìwàrà, ó wọ mọ́tò wá bá mi. Kò tilẹ̀ mu omi tó fi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Fọlákẹ́, odò ló ń pè ọ́. Fi usẹ́ yẹn sílẹ̀, kí o máa bọ̀ ní ulé.” Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ má rín ìyá mi, bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Màmá Àdúrà wa náà, tó jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, Màmá, ẹ foríjì mí, ẹ̀yin náà sọ fún mi pé ẹ rí obìnrin kan nínú omi tó ń na ọwọ́ sí mi.

Mo dá àwọn méjèèjì lóhùn bákan náà. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, bí odò bá ń pè mí, kí ló dé tí kò gba ọwọ́ pè mí, kó gba ẹsẹ̀ pè mí? Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀gangan síìpù nìkan ló mọ̀?”

Inú wọn kò dùn sí mi. Wọ́n ní mo ń ṣe orí kunkun. Mo gbà pé mo ń ṣe é. Mo gbàdúrà pẹ̀lú wọn, mo ṣe àmín, mo sì lo oògùn mi.

Ẹ̀yìn mi jiná. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo sọ ohun tí dókítà wí fún ọ̀gá. Ó ní, “Mo ti ránṣẹ́ ra aṣọ tuntun. Ó ti wà lọ́nà. Ìwọ ṣáà bá wa ṣe èyí tó wà nílẹ̀.” Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ará, aṣọ náà ò sí lọ́nà kankan.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, òjò ti rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ewé àti igi ti kún ẹnu àwọ̀n irin ìsàlẹ̀ dáàmù. Wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà omi pa kí n lè ṣiṣẹ́. Kọ́lá fa síìpù pa fún mi. Ó ní, “Àǹtí, ó ń há o. Ó há lápá òsì.” Mo ní kó rọra fà á. Ó fà á, ó pa. Mo di bẹ́líìtì òjé tó ń jẹ́ kí èèyàn lè rì mọ́ ìdí, mo gbé ìbojú wọ̀, atẹ́gùn ń gba inú ọ̀pá rọ́bà wọlé sí mi lẹ́nu. Mo lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń ríran. Mo fa ẹ̀ka igi kan, ó ṣe agídí, mo wá fi gbogbo ara tì í. Ibi tí mo ti tẹ̀ síwájú ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Mi ò gbọ́ ọ létí, ara ni mo fi gbọ́ ọ. Ó là, fàà. Omi tútù da sí mi lẹ́yìn, ó ṣàn gba ìbàdí mi, ó kún ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí atẹ́gùn lè kún inú aṣọ kó sì gbé mi sókè. Atẹ́gùn náà wọlé, ó sì gba ẹ̀yìn jáde lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rì sínú ẹrẹ̀, ó mu mí dé orúnkún. Mo na ọwọ́ sí bẹ́líìtì òjé kí n lè tú u jù nù, aṣọ tó ti kún fún omi ti bo ìdè rẹ̀, ọwọ́ mi kò bá a.

Ẹ̀rù bà mí. Èmi kì í ṣe òrìṣà, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ronú kan Tèmítọ́pẹ́ àti àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Mo ké pe Jésù nínú ìbojú yẹn, mi ò sì pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní, “Olúwa, mi ò ní kú síbí nítorí síìpù. Mo kọ̀. O ò dá mi láti wá kú nítorí síìpù.” Mo sì ń fa okùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, mò ń fà á gírí-gírí, torí bí a ṣe ń kígbe lábẹ́ omi nìyẹn.

Lókè, Kọ́lá gbọ́. Ó fà mí, mi ò gbéra. Ó pariwo pe ọ̀gá. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, kí n má bàa rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: ọ̀gá bọ́ bàtà rẹ̀ sọnù, ó gbá okùn mú, àwọn méjèèjì jọ fà á títí ẹrẹ̀ fi tú mi sílẹ̀. Wọ́n wọ́ mi gun orí kọ́ńkéré. Omi ń dà gba ẹ̀yìn mi jáde bí ìgbà tí àgbá bá ya. Kọ́lá ń sunkún. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo òfuurufú, mo ní, “Baba, o ṣeun.” O ṣeun, o ṣeun.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi parí sí, ó tó láti jó wálé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni.

Lẹ́yìn tí mo ti sinmi díẹ̀ nílé, ọ̀gá wá kí wa pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọsàn. Ó jókòó, ó kí Gbénga, ó kí àwọn ọmọ. Ó wá ní, “Ìyá Tèmi, ilé iṣẹ́ omi ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ káàkiri ìgboro. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó là. Ó ti mú. Jẹ́ ká lọ parí iṣẹ́ náà.”

Mo ní, “Sà, gọ́ọ̀mù kì í lẹ síìpù tó ti là. Ó fẹ́ síìpù tuntun. Mi ò wọ̀ ọ́.”

“Èmi ni mo fà ọ́ jáde o.”

“Mo mọ̀, sà. Mo dúpẹ́. Mi ò wọ̀ ọ́.”

Ó dìde. “Kò burú. Kọ́lá á wọ̀ ọ́.”

Ìyàwó Kọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A ò tíì kúrò nínú jíjẹ ìpápánu ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Mo pe Kọ́lá lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ kó má wọ̀ ọ́. Ó ní, “Àǹtí, bí mo bá kọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Kí ni màá wá fi bọ́ ọmọ?” Mi ò lè bá a jà. Ohùn ẹni tó ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ni mo gbọ́.

Gbénga ní kí n má lọ síbẹ̀. Ó ní, “Ọlọ́run ti yọ ọ́. Kí ló kù tó o tún ń wá?” Mo ní, “Bàbá Tèmi, Kọ́lá ló fa okùn mi. Ẹ fẹ́ kí n jókòó sílé kó lọ kú?” Ó wọ bàtà, ó ní òun máa bá mi lọ.

Nígbà tí a dé etí dáàmù, Kọ́lá ti ń múra. Mo bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ ká kọ́kọ́ dán aṣọ náà wò. Ó ní kí n ṣe kíá. A dí ọrùn àti ọwọ́ aṣọ náà, a fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ títí ó fi wú bí ọkùnrin sísanra tó sùn sílẹ̀. Mo da omi ọṣẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní gbogbo ojú síìpù, láti òpin kan dé òpin kejì, níbi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí àti níbi tí wọn ò fi sí. Ó ń hó bí ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Gbogbo wa ló rí i.

Ọ̀gá ní, “Ìhó ọṣẹ ò pa èèyàn rí. Kọ́lá, wọ aṣọ.”

Kọ́lá na ọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ará, ọ̀bẹ iṣẹ́ mi wà nínú àpò mi. Mi ò jókòó ronú sí i. Mo yọ ọ̀bẹ, mo kúnlẹ̀ lé aṣọ náà, mo gé síìpù yẹn sí méjì. Mo tún gé e lápá kejì. Mo fa èyí tó wà láàárín tu jáde pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, mo gbé e lé ọ̀gá lọ́wọ́. Mo ní, “Ó tán. Kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ mọ́.”

Ọ̀gá kò lù mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, “O máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá.” Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ, sà.”

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá tó jókòó nídìí tábìlì bi mí pé, “Màdáàmù, ṣé lóòótọ́ lẹ ba dúkìá ilé iṣẹ́ jẹ́?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni. Mi ò sì kábàámọ̀.”

Gbénga fọwọ́ kàn mí lábẹ́ tábìlì pé kí n rọra. Mi ò rọra. Ọlọ́pàá náà wá yíjú sí Kọ́lá, torí òun ni ọ̀gá mú wá bí ẹlẹ́rìí. Ó ní, “Ìwọ, kí lo rí?”

Kọ́lá wo ilẹ̀. Ó ní, “Mo rí i pé Àǹtí gé e. Ká ní wọn ò gé e ni, ǹ bá ti wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ń jò, síbẹ̀ ǹ bá wọ̀ ọ́, torí mi ò ní agbára láti sọ pé rárá. Wọ́n bá mi sọ ọ́.”

Ọ̀gá fi ọwọ́ nu ojú. Ọlọ́pàá náà gbé ègé síìpù yẹn sókè, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, èmi ò rí ẹjọ́ níbí. Ẹ lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín.”

Níta, ọ̀gá dúró níwájú mi. Ó ní, “Ìwọ lo gé e. Màá ra síìpù, ìwọ lo máa fi sí i, ìwọ náà lo sì máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bí omi bá kán sínú rẹ̀, ká má rí ara wa mọ́.”

Mo ní, “Mo gbà, sà.”

Ọ̀gá mi àtijọ́ ní Warri ló bá wa rí síìpù náà. Wọ́n fi ránṣẹ́ láti gáréèjì. Palọ̀ wa ni mo ti ṣiṣẹ́ ọ̀hún. A kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò nítorí òórùn gọ́ọ̀mù, a ṣí gbogbo fèrèsé. Mo bó ohun tó kù lára síìpù àtijọ́ kúrò. Mo fi sáńpépà ha gọ́ọ̀mù rẹ̀ títí ojú aṣọ fi mọ́. Mo fa ìlà, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, torí bí síìpù bá wọ́ díẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo fi gọ́ọ̀mù pa á, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún fi òmíràn pa á lé e. Ìgbà tó kan ká gbé síìpù lé e, ọwọ́ méjì mi kò tó.

Gbénga kúnlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ kejì. Ó ní, “Ìyá Tèmi, mi ò fẹ́ kí o padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá máa lọ, ọwọ́ tèmi náà gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó máa gbé ọ wálé.” Ó di òpin síìpù náà mú ṣinṣin, mo sì ń yí ìgò lé e lórí kó lè lẹ̀ mọ́ aṣọ, díẹ̀díẹ̀, láti èjìká dé èjìká. Kò sí ẹni tó gbàdúrà sókè láàárín wa. Mo gbà pé àdúrà ni ohun tí a ń ṣe náà.

A jẹ́ kó mú dáadáa. Ọ̀gá ń pè, mo ní kò tíì yá. Ó tún pè, mo ní kò tíì yá. Nígbà tó yá, a fẹ́ ẹ kó wú nínú àgbàlá, mo da omi ọṣẹ sí i lẹ́yìn. Mo dúró. Gbénga dúró. Ọṣẹ náà ṣàn lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò hó níbì kankan.

Ọjọ́ tí mo máa padà sínú omi, ìyá mi wá láti Ìwàrà. Ó ní bí odò bá máa gba ọmọ òun, á gbà á lójú òun. Ó tẹ́ ìborùn sórí kọ́ńkéré, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí omi. Kọ́lá fa síìpù pa fún mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Mo lọ sísàlẹ̀.

Òkùnkùn yẹn náà ni. Ẹrẹ̀ yẹn náà ni. Ọwọ́ mi bá ẹ̀ka igi tí mo fi sílẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, “Mo ti padà dé.” Mo fi gbogbo ara tì í, mo tẹ̀ síwájú, mo ń retí òtútù lẹ́yìn mi. Òtútù kankan kò wá. Igi náà já, ó sì jáde. Mo kó gbogbo pàǹtírí náà tán, mo fa okùn pé kí wọ́n gbé mi.

Bí mo ṣe jáde, ìyá mi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí Kọ́lá ṣe fa síìpù sílẹ̀ báyìí, ó ti ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra síńgílẹ́ẹ̀tì mi sókè sódò, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ra ẹ̀yìn mi ní kékeré tí ibà bá ń ṣe mí. Ó fa ọwọ́ yọ, ó wò ó. Ó ní, “Ó gbẹ.” Ó tún ki í bọ̀ ọ́. “Fọlákẹ́, ó gbẹ.” Ó wá bú sẹ́kún.

Ẹ bá mi dúpẹ́. Omi ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní ìgboro. Dókítà wo ẹ̀yìn mi, ó ní kí n máa lọ sílé. Ọ̀gá ti ra aṣọ kejì, Kọ́lá ní tirẹ̀, èmi ní tèmi, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ká a bí ẹní. Èmi àti ọ̀gá kì í ṣe ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bi mí báyìí kí n tó wọ omi pé, “Ṣé o ti wò ó?”

Ìwọ tó o jókòó níbí, tí wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó o wọ ohun tó ti ya lọ sínú ewu, tí wọ́n ní òógùn ni, tí wọ́n ní àyànmọ́ ni, tí wọ́n ní kó o fi ìda pa á: wò ó dáadáa fúnra rẹ. Bí ó bá ń jò, sọ pé ó ń jò. Ọlọ́run kò ní bínú sí ọ torí pé o sọ pé rárá. Bí ẹnì kejì rẹ kò bá lágbára láti sọ ọ́, bá a sọ ọ́. Ẹ̀rù á bà ọ́. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, lọ́wọ́ ìyá mi, lọ́wọ́ Kọ́lá tó gbọ́ okùn. Ẹ̀yin tó ń bẹ̀ mí kí n wá iṣẹ́ mìíràn, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ẹ ṣeun. Lọ́la, bí Olúwa bá jí wa, inú omi ni mò ń lọ.